Ọdẹ́jìnmí, Awakọ̀ Arọ́pò ní Ìlú Ayípo

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ nísinsìnyí, nítorí n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹran tí a pa ṣì wà lórí iná, oòrùn ṣì wà lókè, ó sì ti rẹ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn Ọdẹ́jìnmí tan ebi yín kí ẹran tó jinná. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo fi ìdí ìbọn gbá ẹkùn lẹ́nu lọ́jọ́ tí òjò pa ẹ̀tù mi, tí ẹkùn náà sì ń wá eyín rẹ̀ kiri inú koríko. Irú mi kì í yin ọdẹ mìíràn lásán. Bí mo bá sọ pé ọkùnrin kan láyà, kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnu Ọdẹ́jìnmí fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, àbùmọ́ tí mo bá sì fi kún un kò ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ.

Ọdẹ́jìnmí ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, Ògúnníran lorúkọ rẹ̀. Ògúnníran ló wò ó dàgbà nígbà tí bàbá wọn kú. Òun ló kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn, òun náà ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, nítorí ọdẹ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì tún ń wa agbégilódò, ọkọ̀ ńlá tó ń kó igi gẹdú jáde nínú igbó. Ní ọdún kan, Ògúnníran wọ igbó lọ, kò padà. Wọ́n wá a títí, wọ́n sì fẹ́ máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kí àgbà ọdẹ kan tó dé láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ìròyìn.

Àgbà ọdẹ náà ní Ògúnníran kò kú. Ó wà ní Ìlú Ayípo, ìlú àwọn iwin tó ń fi ọkọ̀ irin sáré ìje yípo ìlú wọn lọ́dọọdún. Ògúnníran ti bá wọn sáré, nítorí kò sí ọkọ̀ tó rí tí ọwọ́ kì í yún un. Ó kù díẹ̀ kó gba iwájú lọ́wọ́ Erukubòwọ́n, ọ̀gá awakọ̀ ìlú náà, nígbà tí Erukubòwọ́n fi ìdí ọkọ̀ rẹ̀ gbá a sínú ọ̀gbun. Ẹsẹ̀ Ògúnníran ṣẹ́. Òfin ìlú náà sì ni pé àjèjì tó bá bẹ̀rẹ̀ eré tí kò parí rẹ̀ ti di ẹrú ìlú, àfi bí ará ilé rẹ̀ kan bá wá gba ipò rẹ̀, tó sì ṣe ipò kìíní.

“Iṣẹ́ wo ni wọ́n wá ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe?” Ọdẹ́jìnmí béèrè.

Àgbà ọdẹ náà wolẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, “Táyà ni ó ń nù, ọmọ mi. Táyà ọkọ̀ ẹni tó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ táyà yìí ló bà á nínú jẹ́ ju ti ẹsẹ̀ lọ. Ìbínú ní í fa ọfà yọ nínú apó. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn rẹ̀, ó sì búra lójú àgbà ọdẹ náà pé bí òun bá tilẹ̀ rí ẹ̀gbọ́n òun gbà padà, òun kò ní wá sílé títí òun yóò fi rí Erukubòwọ́n nínú ọ̀gbun. Ó ní bí òun ti ń rìn lọ, ìbúra náà ni òun ń sọ lásọtúnsọ bí ẹni ń jẹ orógbó, ó ń korò, ó sì ń dùn mọ́ òun.

Ó kọ́kọ́ wọ igbó kan tí àwọn igi rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àlejò lójú kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó bá purọ́ fún wọn, wọ́n á fi ẹ̀ka gbá a létí títí yóò fi gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀. Ìrókò kan bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Níbo lò ń lọ?” Ọdẹ́jìnmí ní, “Mò ń lọ gbẹ̀san.” Ìrókò náà sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn yòókù. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn igi pàápàá ní ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Gbogbo wọn fa gbòǹgbò wọn sẹ́yìn, wọ́n ṣe ọ̀nà fún un bí ìgbà tí ọba ń bọ̀. Ó dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé wọn kò bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Lẹ́yìn igbó náà ni ó dé odò kan. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí omi náà bí ẹni jókòó sórí ẹní, ó ń fi kànìnkànìn fọ òkúta dúdú kan kó lè funfun. Ó ní kò sí ẹni tí yóò kọjá láìdáhùn àlọ́ òun.

“Olùkọ́ wo,” ni ó wí, “ló máa ń na akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tán kó tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́?”

Bí ẹ bá bi èmi ni, kí ó tó pa ẹnu dé ni mo ti máa já a, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìbínú ti gba orí Ọdẹ́jìnmí tán, kò sí àyè fún àlọ́ níbẹ̀. Ó ní, “Ọ̀tá mi ni.”

Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi là sí méjì lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìrírí ni mo ní lọ́kàn. Àmọ́ èyí tí ìwọ sọ yìí náà kì í ṣe irọ́. Máa lọ, wàá bá àwọn méjèèjì níbi tí ò ń lọ.” Ọdẹ́jìnmí gba àárín omi náà kọjá, kò sì ronú sí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ìlú Ayípo kì í ṣe ìlú tí a ń wọ̀ tààrà. Òbìrìkìtì ni ilé wọn, òbìrìkìtì ni ọjà wọn, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ọ, wọ́n á kọ́kọ́ yí ọ po kí wọ́n tó ní ẹ kú ìrìn. Ní ẹnu odi ni Máṣekọjá dúró sí, àgbà iwin tó ń ṣọ́ ọ̀nà eré, tó ní ojú kọ̀ọ̀kan lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ gbogbo. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí Ọdẹ́jìnmí bá wá, ó yọ ìka kan síta, ó fi wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

“Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ wà níbí, a ti tún un ṣe,” ni Máṣekọjá wí. “Eré ku ọjọ́ díẹ̀. O lè gba ipò rẹ̀. Ìyẹn kò ní wàhálà.”

“Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ̀ náà jáde kí n fi mọ ọ̀nà.”

“Ìyẹn ni kò ṣeé ṣe. Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ tàbí ẹsẹ̀ sí ọ̀nà eré àyàfi lọ́jọ́ eré. Àárọ̀ kan ṣoṣo la yọ sọ́tọ̀ lọ́dún fún ìdánwò, àwọn ọ̀gá awakọ̀ nìkan ló sì wà fún. Arọ́pò kò sí níbẹ̀. Àárọ̀ tọdún yìí sì ti kọjá.”

“Bàbá, n kò tíì rí ọ̀nà náà rí. N kò tíì jókòó sínú irú ọkọ̀ yín rí.”

“Mo gbọ́.”

“Ta ló wá dá irú òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?”

Máṣekọjá ní òfin náà kì í ṣe òfin ìkà nígbà tí wọ́n dá a. Láyé àtijọ́, àwọn agbo ilé tó lówó a máa fi ọkọ̀ wọn dánwò láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọ́n á sun epo bí ẹni sun igbó, tí àwọn tí kò ní epo á sì máa wò wọ́n lẹ́nu. Ni ọba bá dín ìdánwò kù kí gbogbo wọn lè jọ wà lójú kan. Ṣùgbọ́n Erukubòwọ́n ló lọ gba ọba nímọ̀ràn pé kó dín in kù sí i, kó sì yọ àwọn arọ́pò kúrò pátápátá. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gba ọ̀nà náà, ó ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ìdánwò wo ló tún fẹ́ ṣe? Bí ó bá ti gbá ọ̀gá awakọ̀ kan dànù, arọ́pò tí kò mọ nǹkan kan ni yóò kù fún un láti bá sáré. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí gbọ́ èyí, ó rí i pé ọ̀tá òun kò fi ọkọ̀ nìkan jà, ó ń fi òfin jà pẹ̀lú, ìkórìíra rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì.

Ó bá Ògúnníran lẹ́yìn àgọ́ ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ti wọ́ síwájú, ó sì fi àkísà ń nu táyà. Ọkùnrin tó ti gbé ìgalà lé èjìká láti igbó dé ilé láìsinmi ti rù bí igi ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀, kò sì lè dìde, ẹkún ló ń sun nínú ìyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Erukubòwọ́n sì ń bọ̀ lẹ́yìn, iwin tó ga, tí eruku ń yọ ní etí rẹ̀ méjèèjì bí èéfín.

“Arọ́pò ti dé,” ni Erukubòwọ́n wí. “Ẹ kú ewu. Ògúnníran, nu èyí tó wà lẹ́yìn náà dáadáa. Mo fẹ́ kí àbúrò rẹ rí i kó ń dán nígbà tí mo bá kọjá lára rẹ̀.”

Ọdẹ́jìnmí gbé orí sókè nínú ìyẹ̀pẹ̀. Ó wo ọrùn iwin náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yan ibi tí yóò dùn ún jù.

Kò jìnnà sí wọn ni iwin mìíràn dúró sí, Dúródemí lorúkọ rẹ̀. Àbúrò Erukubòwọ́n ni, òun sì ni arọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tán, ó mú omi tutù wá fún Ọdẹ́jìnmí nínú igbá, ó sì jókòó tì í. Ó ní, “Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe arọ́pò, n kò tíì fọwọ́ kan sítíárìn rí. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́. Etí ni mo fi ń kọ́ṣẹ́, mo máa ń dúró lẹ́yìn odi, mo máa gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń ké. Mo gbọ́ pé bíréèkì ọkọ̀ ibí kì í mú bí kò bá tíì gbóná. Tètè tẹ̀ ẹ́.” Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́, ó mu omi náà, kò sì gbà láti fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Dúródemí àti ẹni tí òun wá bá jà.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ́ ọ̀nà tí kò gbọ́dọ̀ rí? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ọdẹ. Ògúnníran ní kí Ọdẹ́jìnmí po amọ̀, kó mọ ọ́n bí ìjókòó ọkọ̀, kó fi èèkàn ṣe bíréèkì, kó fi igbá ńlá ṣe sítíárìn. Ó ní kó jókòó síbẹ̀ kó di ojú. Òun fúnra rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sun ìjálá, ó ń ki ọ̀nà náà bí ọdẹ ti ń ki ẹran:

*Ìyànà tó yọ ìwo bí ẹfọ̀n,*
*Gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, má kojú sí i,*
*Ẹni tó kojú sí ẹfọ̀n, ìwo ló rí.*
*Ejò ń bẹ níwájú, ó lọ́ sọ́tùn-ún, ó lọ́ sósì,*
*Má tẹ̀ ẹ́ lórí, má tẹ̀ ẹ́ nírù,*
*Àárín ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ń gbà.*
*Òkè ìgalà rèé, fò ó bí ìgalà ti ń fò,*
*Kó o tó balẹ̀ ni kó o ti mọ ibi tí ò ń lọ.*
*Ẹnu ọ̀nà ọba dé, sáré, ọmọ ọdẹ, sáré.*

Àwọn iwin ń yí wọn po, wọ́n ń fi wọ́n ṣe ẹ̀sín pé kí gbogbo ayé wá wo ẹni tó ń wa ilẹ̀. Ọdẹ́jìnmí kò gbọ́ tiwọn. Ó ń yí igbá, ó ń tẹ èèkàn, títí ìjálá náà fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ àti lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé lójú oorun pàápàá ó ń yà fún ẹfọ̀n. Ohun kan wà tí kò béèrè. Kò bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Níbo gan-an lẹ ti ṣubú?” Ó rò pé ara ejò náà ni ọ̀gbun wà, ibẹ̀ ló sì ti pinnu pé òun yóò ti gbẹ̀san.

Ọjọ́ eré pé. Ẹ wá gbọ́ ariwo. Irin ń ké, ilẹ̀ ń mì, eruku etí Erukubòwọ́n bo ojú ọ̀run. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa yí ìlú náà po. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́: nígbà tí wọ́n ju àsíá, ọkọ̀ Ọdẹ́jìnmí kú sábẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, kó sì tó tún un jí, ó ti di ẹni ìkẹyìn. Àmọ́ nígbà tí ìyànà kìíní yọ, ó dà bí ẹni pé ó ti gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹfọ̀n. Ó gba ẹ̀yìn ejò, ó sì ń kọjá àwọn iwin lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣí ẹnu. Kò rí ọ̀gbun kankan lára ejò. Ó fo òkè ìgalà, ó sì rí ìdí ọkọ̀ Erukubòwọ́n níwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ iná ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ láti lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ọba tí ìjálá ní ó kàn.

Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọba ló kàn. Ìyànà kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ló là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó yí sọ́wọ́ òsì bí dòjé, ọ̀gbun sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kò rí ìsàlẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ilé tiwọn, ọdẹ kì í ki ẹran tó bá ṣe é léṣe, títí ẹ̀jẹ̀ ẹran náà yóò fi kan ilẹ̀. Ará ilé kì í sì í bi í léèrè. Ògúnníran kò ki ibi tí ó ti ṣubú. Ọdẹ́jìnmí kò béèrè. Èèwọ̀ tí wọ́n jọ pa mọ́ láti kékeré ló fẹ́ pa á báyìí, kò sì sí àárọ̀ ìdánwò kankan tí ojú rẹ̀ ì bá ti fi rí ibẹ̀.

Ẹ̀rù bà á dé egungun. Kò mọ ibi tí ó yẹ kó ti tẹ bíréèkì, kò mọ bí ìyànà náà ti gùn tó. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ní ojú ọ̀nà yẹn, ẹni tí ó wá pa sì ni. Ó rántí ọ̀rọ̀ Dúródemí, ó tètè tẹ bíréèkì, ó sì lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ Erukubòwọ́n. Ibi tí iná ẹ̀yìn ọ̀tá rẹ̀ bá ti pọ́n, ó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Ibi tí táyà ọ̀tá rẹ̀ bá gbà, ó gbà á. Ó ń dà á láàmú pé nínú gbogbo ayé, ẹni yìí ni kò gbọ́dọ̀ ṣubú nísinsìnyí. Ó ní òun gbàdúrà fún un. Ó gbàdúrà fún Erukubòwọ́n, ẹ̀yin ènìyàn mi, omi ojú ìbínú sì ń dà lójú rẹ̀ bí ó ti ń gbà á. Wọ́n jọ gba ìyànà náà kọjá láyọ̀.

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ní yíyípo kejì, Ọdẹ́jìnmí kò gbìyànjú láti gba iwájú. Ó tẹ̀lé e jẹ́jẹ́ kọjá ẹfọ̀n, kọjá ejò, kọjá òkè ìgalà. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà ọ̀gbun náà, ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá rẹ̀ níhà ọ̀gbun bí ẹni fẹ́ kọjá. Erukubòwọ́n rí i, ó sì ṣe ohun tí ó máa ń ṣe: ó fi ìdí ọkọ̀ rẹ̀ gbá a. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí ti tẹ bíréèkì. Ìdí ọkọ̀ náà kò bá nǹkan kan, ó yí gbirigbiri, ó sì dúró sí etí ọ̀gbun, ó ń mì. Erukubòwọ́n bojú wẹ̀yìn. Bí Ọdẹ́jìnmí bá yà fún un, yóò yè. Ọdẹ́jìnmí kò yà. Ó rọra fi imú ọkọ̀ rẹ̀ tì í sínú ọ̀gbun. Ó ní ohùn irin náà bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ dùn mọ́ òun létí ju orin lọ, òun kò sì tíì ronú pìwà dà nítorí rẹ̀.

Bí ó ṣe ṣe ipò kìíní nìyẹn. Ògúnníran gba òmìnira lójú gbogbo ìlú. Wọ́n gbé Erukubòwọ́n jáde nínú ọ̀gbun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ṣẹ́, eruku kò sì yọ létí rẹ̀ mọ́. Ọba Ayípo wá dìde. Ó ní àṣà ìlú ni pé ẹni tó bá borí lè tọrọ ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ òun, òun yóò sì ṣe é.

Kí Ọdẹ́jìnmí tó lanu, Erukubòwọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ ọdẹ, ojú mi ti là. Èmi kò lè wakọ̀ mọ́ láyé. Dúródemí ni yóò bọ́ sípò mi lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì mọ nǹkan kan. Yóò kú níbẹ̀. Tọrọ lọ́wọ́ ọba pé kó ṣí ìdánwò fún àwọn arọ́pò. Ìwọ náà mọ ohun tí ojú arọ́pò ń rí.”

Ògúnníran fi ọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀. “Tọrọ ẹ̀, Ọdẹ́jìnmí. Òfin burúkú ni.”

Ọdẹ́jìnmí wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ tó ti wọ́. Ó wo Erukubòwọ́n nílẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á, kì í ṣe fún ara rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe fún àbúrò rẹ̀. Ó rí ibi tí yóò dùn ún jù, ibi tí ó ti ń wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

“Kábíyèsí,” ni ó wí, “mo dúpẹ́. Ẹ fún mi ní omi mu kí a tó máa lọ. N kò tọrọ nǹkan mìíràn.”

Erukubòwọ́n fi orí lélẹ̀, ó ń ké bí ẹran tí ìbọn bà tí kò kú. Wọ́n ní kí wọ́n gbé omi wá, Dúródemí sì ló gbé e, nítorí òun ló súnmọ́ àmù jù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà fún un.

“Kí ni mo fi ṣe ọ́?” ni Dúródemí wí.

Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ọdẹ́jìnmí gba omi náà, kò lè gbé e mì, ó dà á sílẹ̀, ó pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé.

Mo ti rí i lójú yín, ẹ fẹ́ bi mí bóyá ohun tó ṣe dára. Èmi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ kò tíì rí ẹ̀gbọ́n yín kó ń nu táyà ẹni tó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: títí Ọdẹ́jìnmí fi kú, ní ọdọọdún tí ọjọ́ eré ìlú yẹn bá pé, kì í jáde nílé. Á jókòó sí ẹnu ìloro láti àárọ̀, á kọjú sí igbó, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ̀rọ̀ sókè, á ní kó dákẹ́, òun ń fetí sílẹ̀. Ẹ sún mọ́ iná, ẹran ti jinná.